Ètò Tí A Fi Àáró Kọ

Dassa, Ọjọ́rú, oṣù Kẹjọ, ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ara ló ń ro mí.

A ti pín ètò tí olùkọ́ ní kí a kọ fún ọ̀dínatọ̀ fásitì, ìyẹn kọ̀ǹpútà wọn, kó lè máa to èsì ìdánwò, sí mẹ́ta, kálukú sì lọ kọ tirẹ̀. Èmi to máàkì láti orí èyí tó ga jù wálẹ̀. Ráfíù, ọmọ onísọ́ọ̀bù inú ọjà, kọ tirẹ̀ bí ẹni pé èyí tó kéré jù ló ṣáájú. Nígbà tí a so wọ́n pọ̀ láàárọ̀ yìí, tí a fi ọwọ́ dán an wò lórí ìwé, ẹni tó gba ipò kìíní ló fìdí rẹmi! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì máa jẹ́ kí a lo ẹ̀rọ náà.

Odétì, ẹnì kẹta wa, ará Paouignan, fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ráfíù wí fún un pé, “Àáró la ṣe lánàá lóko ẹ̀pà màmá ẹ. Ṣé a pín oko náà ni? Ṣebí a jọ yọ ọ́ tán ká tó kọjá sí ti ẹlòmíì.”

La bá jókòó sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé, a jọ kọ apá kan tán ká tó bọ́ sí òmíràn. Ráfíù ń ṣe bí ẹ̀rọ: “Kámáráàdì, ẹ ò tíì sọ ibi tí mo ti máa dúró o!” Mo rẹ́rìn-ín títí.

Olùkọ́ ní kí kálukú kọ orúkọ rẹ̀ sí apá tó ṣe. Mi ò mọ ìlà tó jẹ́ tèmi mọ́. Orúkọ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo kọ sórí gbogbo ìwé náà.

Bí ó bá bínú, kó wá bá wa yọ ẹ̀pà.