Ọkà tí Clément yóò jẹ

Ọpẹ́olúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Aurore ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Ṣé òtútù Faransé ti rọlẹ̀? A ti kó àgbàdo oko wa ní Idigny níbí wọlé. Oògùn ọwọ́ mi ti fẹ́ẹ́ tán, fi òmíràn ránṣẹ́.

O rántí pé Clément, àbúrò bàbá rẹ, sọ níwájú ẹbí pé àjẹ́ tí mo ń ṣe ló ń gbọn ọwọ́ mi. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Ìwọ lo mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí àrùn ọpọlọ ní Faransé lọ́hùn-ún. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ oògùn onítànṣán, ẹ̀rọ sì ya fọ́tò ibi tí oògùn náà dúró sí nínú orí mi. Ibi tó yẹ kó mọ́lẹ̀ ṣókùnkùn. Àìsàn ni. Nígbà tí mo padà délé, mo fi fọ́tò náà han Clément. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó wa, òyìnbó náà ti rí ẹyẹ yín."

Ní báyìí, ọwọ́ tirẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ó rán Rosalie ọmọ rẹ̀ sí mi pé kí n bẹ̀ ọ́, kí wọ́n ya orí tòun náà. Má tíì dá a lóhùn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kó kọ́kọ́ jẹ ọkà tí mo fi ọwọ́ yìí rò, lójú gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. N kò ní yọ egungun ẹja ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá yín sí, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n. Bí Clément bá pè ọ́ pé òun ti jẹun, má gbà á gbọ́. Èmi ni n ó sọ fún ọ bí ó bá yó.

Èmi ìyá rẹ,
Adéoyin