Bàbá Tí Kì Í Kúrò Títí Wọn Yóò Fi Dáhùn Lọ́hùn-ún

Ọdún 1951 ni a bí bàbá wa, ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà bàbá rẹ̀. Aránṣọ ni ìyá rẹ̀. Ilé-ìwé ìjọ ló ti kọ́ orin kíkọ àti àníyàn ṣíṣe.

Ní 1974, ó wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ní 1980, ó fẹ́ ìyá wa, agbẹ̀bí tí ẹ̀rù kì í tètè bà.

Ní 1997, wọ́n ní kó fi okùn dígí, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ gba inú rẹ̀, so ilé ìwòsàn ńlá mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní òdìkejì odò. Ọ̀gá wọn fẹ́ kó jẹ́ ọ̀nà kan gbòòrò, kí ẹrù ńlá lè sáré. Bàbá ní kí wọ́n pín in sí ipa mẹ́rin, kí àwòrán inú ara tó wúwo má baà dí ohùn ẹni tó ń pe dókítà. Ọ̀gá ní ipa kan kò ní lè lo àyè èkejì, bó tilẹ̀ ṣófo. Bàbá gbà pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò yé bẹ̀bẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Pín-in.

Wọ́n gbà fún un. Lọ́jọ́ ìyípadà, Bàbá pín ìhà tirẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní odindi. Kálukú rò pé èkejì ti ṣe bíi tòun, bẹ́ẹ̀ ìhà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu kí ọ̀rọ̀ tó lè kọjá. Iná ẹ̀rọ méjèèjì tàn, ọ̀rọ̀ kankan kò kọjá. Ìyá wa wà ní ẹ̀ka náà pẹ̀lú aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ó pe dókítà títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá ti rí iná, ó ń palẹ̀ irinṣẹ́ mọ́, nígbà tí awakọ̀ tó gbé aláboyún náà sọdá já wọlé: "Ọ̀gá, ìyàwó yín ní ṣé ẹ ti kú síbí ni?"

Aláboyún náà àti ọmọ rẹ̀ yè. Ọkàn Bàbá kò balẹ̀ mọ́. Kì í kúrò lẹ́nu iṣẹ́ títí wọn yóò fi dáhùn lọ́hùn-ún. Nílé, bí ọmọ bá rìnrìn àjò, kò ní jẹun títí yóò fi gbọ́ pé ó ti gúnlẹ̀. Ìyá wa a ní, "Ẹ jẹun jàre, Bàbá Pín-in. Ọmọ yín kì í ṣe wáyà." Nínú ìjọ, òun ló ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, a sì máa bi àwọn tó jókòó lẹ́yìn pátápátá bóyá wọ́n ń gbọ́.

Ìyá wa, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ márùn-ún ló gbẹ̀yìn rẹ̀.

Bàbá, a ti ṣe ìhà tiwa bó ti yẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé iná tó tàn níhìn-ín kò tíì tó. Ìyá wa kò tíì jẹun láti àárọ̀. Kí Ẹni tó wà lọ́hùn-ún dá yín lóhùn. Ẹ sùn re o.