Ọmọ Mi, Ilé-Ẹ̀kọ́ Méjì àti Gbólóhùn Kan

                                        Yàrá Kẹrin, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún.

Kọ́ńpáàsì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dùn ún ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́? Nínú lẹ́tà rẹ tó kọjá, o ní dókítà fún ọ ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, o sì máa ń gbàgbé láti kán an. Jọ̀ọ́, má gbàgbé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀, mo sì ti ń rí ọ lọ́kàn mi bí o ṣe ń táràrà kiri ilé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí gàdàgbà. Ara èmi náà le, bí a bá yọ ti ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò, àti ẹ̀yìn, àti oorun tí kì í wá dáadáa. Ìyá àwọn ọmọ ń kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ṣì wà láàyè bí òun tilẹ̀ ń bá mi gbé.

Má bínú pé n kò tètè fèsì. Ó rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe àárẹ̀ iṣẹ́, torí iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe? Àárẹ̀ ìrònú ni. Ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn mi obìnrin ló gbà mí lọ́kàn láti bí oṣù kan, èyí tó ń bójú tó ilé ìkẹ́rù níléeṣẹ́ tó ń pín oògùn fún àwọn ilé ìwòsàn. Ó fẹ́ gba oyè Másítà nínú ìmọ̀ òwò. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló kọ̀wé sí, àwọn méjèèjì sì gbà á. Ẹlòmíràn á dúpẹ́. Èmi, àyà mi já. Ká ní ọ̀kan ló gbà á, ọ̀rọ̀ ti tán. Ká ní kò sí èyí tó gbà á, a ó kàn rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Ṣùgbọ́n méjì! Kí la fẹ́ fi méjì ṣe?

Ọ̀kan wà nítòsí, ìdúró ọkọ̀ mẹ́ta péré sí ilé wa. Ilé gíga onígíláàsì ni. Sátidé àti Àìkú ni wọ́n ń kọ́ wọn, fún ọdún méjì, kò sì ní í fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ orúkọ ibẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ńṣe ni ọkùnrin náà dá abẹ́ dúró sí mi lọ́rùn tó ń kí mi kú oríire. Èkejì jìnnà, wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Odidi ọdún kan ló máa fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí níhìn-ín, onígbàjámọ̀ pàápàá ní kí n tún un pè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹrù nìkan ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: bí ọjà ṣe ń kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, tí kò ní bàjẹ́, tí kò ní sọnù, títí yóò fi dé ọwọ́ ẹni tó fẹ́ lò ó. Wọ́n tún ní àwọn máa dín owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù sí ìdajì. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ àná, ọjọ́ Ẹtì, ni ibi méjèèjì dá fún un láti fèsì. Bí kò bá fèsì, wọ́n á fún ẹlòmíràn láyè rẹ̀.

Mo mú ìwé, mo fa ilà sí àárín, Ti Tòsí lápá kan, Ti Ọ̀nà Jíjìn lápá kejì. Lábẹ́ Ti Tòsí, mo kọ pé ó lè máa rẹ̀ ẹ́ torí kò ní í ní ìsinmi. Lábẹ́ Ti Ọ̀nà Jíjìn, mo kọ òtútù, ọkọ̀ òfuurufú, onílé burúkú, kọ́kọ́rọ́ tó sọnù, àìsàn ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, iná tí èèyàn gbàgbé láti pa. Nígbà tí ìyá wọn ka ìwé náà lẹ́yìn mi, ó ní, "Bàbá wọn, ṣé ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n fẹ́ rán ọmọ yìí lọ ni, àbí ojú ogun?"

Ohun tí n kò sọ fún ìyá wọn ni pé mo ti dá lọ wo Ti Tòsí fúnra mi. Mo wọ kóòtù tí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mú ìwé mi dání. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́?"

Mo ní rárá o, ọmọ mi ni. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ ọdún mélòó ni?" Mo ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó tún mi wò, ó wá rọra ní kí n lọ jókòó nínú.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán débi pé mo ń rí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n mi. Ọmọbìnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn gan-an fún mi ní omi tútù àti ìwé aláwòrán. Mo bi í pé ta ni ń kọ́ wọn nípa ilé ìkẹ́rù, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń to ọjà àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, olórí là ń kọ́ wọn láti dà níbí o, a kì í kọ́ wọn ní iṣẹ́ olùtọ́jú ẹrù."

Kọ́ńpáàsì, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi tọ́jú ẹrù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì bá ọ̀nà mi lọ. Mo ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ibẹ̀ kò bá iṣẹ́ ọmọ mi mu. Ṣùgbọ́n n kò sọ fún un. Bí mo bá sọ, ọ̀nà jíjìn ló kù. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo sì fi í pamọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó wá sílé pẹ̀lú lẹ́tà méjèèjì nínú fáìlì. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì níwájú mi, ó ní, "Bàbá, ẹ sọ tiyín. Èwo ni kí n mú?" Mo wo lẹ́tà, mo wo ojú rẹ̀. Mo bọ́ awò ojú mi, mo ní, "Ṣe èyí tó bá wù ọ́."

Ó kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ pa dà sínú fáìlì, ó fọ abọ́ tí a fi jẹun, ó sì ní òun fẹ́ máa lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀sán ò tíì rọ̀. Ó ń ti ilẹ̀kùn lọ́wọ́ ni ìyá rẹ̀ jáde láti yàrá.

"Kí lẹ sọ fún ọmọ yìí?"

Mo ní mo ní kó ṣe èyí tó bá wù ú ni.

"Yéè! Kí ló ṣe yín tí ẹ fi ń bínú sí i tó bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló ń bínú? Ṣé mo pariwo ni? Mo ní kó mú èyí tó wù ú, kí ló burú níbẹ̀?"

Ó wò mí bí ìgbà tó bá ń wo aláìsàn tó ń purọ́ pé òun ti lo oògùn. O rántí pé nọ́ọ̀sì ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Bàbá wọn, nínú ilé wo ni òbí ti ń sọ 'ṣe èyí tó bá wù ọ́' tí inú rẹ̀ dùn? Kí lẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ tó ní òun ò lọ ilé-ìwé mọ́, òun fẹ́ máa wa ọkọ̀ akẹ́rù?"

Gbólóhùn yẹn gẹ́lẹ́ ni mo sọ fún un, lẹ́yìn rẹ̀ n kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni àbíkẹ́yìn yìí nígbà náà. Òun ló máa ń gbé oúnjẹ láti ọ̀dọ̀ mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń jíṣẹ́ láàárín wa bí ẹni pé ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ń gbé.

Mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé, kò gbé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé ọwọ́ òun dí, pé òun kí mi. Àárọ̀ àná ni ìyá rẹ̀ rí i bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní òun ò ní fèsì fún ẹnì kankan, òun á kúkú máa bá iṣẹ́ òun lọ. Ó ní, "Bàbá ò fẹ́, mi ò sì lè ré àṣẹ wọn kọjá." Kọ́ńpáàsì, mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, n kò lè so okùn bàtà mi. Ìyá wọn ló kúnlẹ̀ so ó. Ó ní, "Ẹ dìde. Ẹnu tó dá a sílẹ̀ ni kó lọ tún un ṣe."

Aago mẹ́ta kọjá kí n tó dé iléeṣẹ́ wọn, torí pé bọ́ọ̀sì tí mo kọ́kọ́ wọ̀ kì í ṣe èyí tó yẹ. Inú ilé ìkẹ́rù náà tutù bíi kàǹga. Páálí ni láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ọmọ mi dúró láàárín wọn nínú kóòtù funfun, ó ń bá alágbàrù kan tó dàgbà jù ú lọ wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára páálí yẹn. Èyí tí àkókò rẹ̀ máa kọ́kọ́ kọjá lẹ máa gbé síwájú, kì í ṣe èyí tó sún mọ́ yín."

"Ọ̀gá, ẹ̀yìn ló ń dùn mí o."

"Ẹ̀yìn á dùn yín dáadáa tí mo bá ní kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ tò."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún un tò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni èmi náà ń ṣe iṣẹ́ yẹn, àfi pé ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Nígbà tó rí mi, ojú rẹ̀ yí pa dà. "Bàbá! Ṣé kò sí o? Màmá ńkọ́?" Mo ní ìyá rẹ̀ wà. Ó mú mi wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ibi kékeré tí àga méjì kún.

Mo ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú ló gbé mi wá. Ó ń to ìwé tó ti wà ní títò. Ó ní, "Mo ti gbọ́ yín, Bàbá. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún Bùrọ̀dá náà ni."

Mo ní n kò bínú.

"Kí wá lẹ fẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún sọ pé èyí tó bá wù mí o. Èwo ló wu ẹ̀yin?"

Mo ní, "Ohun tó wu èmi ni kí o wà nítòsí, kí n máa gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ Àìkú. Ìyẹn ló wù mí. Ṣùgbọ́n mo ti lọ síbẹ̀. Mo bi wọ́n ta ni ń kọ́ wọn nípa ẹrù, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún ọ torí pé mo mọ ibi tó máa gbé ọ lọ. Ti Ọ̀nà Jíjìn ló bá iṣẹ́ rẹ mu. Lọ."

Ó wò mí. "Ẹ lọ síbẹ̀? Bàbá, ṣé kóòtù yẹn lẹ wọ̀ lọ?"

Mo ní òun ni. Ẹ̀rín àti ẹkún ló bá a pa pọ̀. Ó ní ta ló máa wá máa mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà? Mo ní ìyá rẹ̀ ni, kí ni ìwúlò nọ́ọ̀sì? Ó nu ojú, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń fèsì. Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú méjìlélógún ni nǹkan náà dúró, tó ń pòyì lójú kan. Mo ní bóyá kó pa á, kó tún un tàn. Bóyá kó lọ lo ti ẹlòmíràn. Bóyá wọ́n ti tì í. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Mo jókòó, mo tún dìde. Nígbà tó ṣe, ó ṣí.

Níparí fọ́ọ̀mù náà, wọ́n béèrè ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n lè pè, tọ̀sán tòru, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyá rẹ̀ ti wà lórí fóònù pẹ̀lú wa lákòókò yìí, ó ń pariwo pé kó kọ orúkọ òun, ṣé òun kọ́ ni nọ́ọ̀sì ni.

Ọmọ náà ní, "Màmá, ẹ máa ń pa fóònù yín tẹ́ ẹ bá ti ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá kì í pa tiwọn. Ìgbà yòówù kéèyàn pè, wọ́n ti jí, wọ́n sì ti ń retí ìròyìn burúkú."

Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wá ní kí n pe nọ́ńbà mi fún òun. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ ọ́n lórí, ṣùgbọ́n mo dìde dúró, mo pè é fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án sí i ló máa lọ. Ó ṣì ń rẹ̀ mí, n kò ní í parọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti mọ̀ mí ni mo ti ń dààmú lórí gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Ó kéré tán, wọ́n ti wá kọ èyí sínú fọ́ọ̀mù.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kó má máa gun àtẹ̀gùn láìdi nǹkan mú. Kí àwọn ọmọ, kí o sì kí ọ̀gbẹ́ni oníṣirò tí a jọ ṣe kíláàsì bí o bá tún pàdé rẹ̀. Kán oògùn ojú rẹ kí o tó pa lẹ́tà yìí dé.

Èmi náà ni, ẹni tí ẹ̀ ń pè ní Bóyá nílé-ìwé, tí kò tíì yí pa dà,

Bóyá.