Ìyá tó káwọ́ lérí ní èbúté

Igbókòdá, ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Gbogbo èèyàn ló ń kí mi pé ijó òní dùn.

Èmi ni mo dá a lábàá fún ẹgbẹ́ oníjó wa pé ká fara pamọ́ sáàárín àwọn èrò ọkọ̀ ní èbúté. Tí mo bá súfèé, kí gbogbo wa sáré lọ sétí omi, kí orin bẹ̀rẹ̀, kí kálukú fa ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí àwọn èrò rí sálísà, ijó òkèèrè tí à ń kọ́ni, kó wù wọ́n láti kọ́ ọ.

Ọmọ Ìlàjẹ sì ni mí. Ta ni ò mọ̀ níbí pé tí èrò bá ṣàdédé sáré lọ sétí omi, ọkọ̀ ló dojú dé?

Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ju àwo rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ mi wà nínú ọkọ̀ Òde Mahin. Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ wo ló dojú dé?"

Orin ti gba ibẹ̀ kan, àmọ́ èmi gbọ́ ọ. Mi ò dúró. À ń jó lórí ẹja rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà gúnlẹ̀ láyọ̀, ìyá rẹ̀ kàn dì í mú. Kò bú wa. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa sọ fún wa kẹ́ ẹ tó sáré."

Fídíò wa ti tàn káàkiri. Ìyá náà wà níbẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó ń lọ síwá sẹ́yìn. Ẹnì kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé màmá yìí mọ ijó jù wá lọ.

Mo fẹ́ kọ ọ́ pé kì í ṣe ijó. Ẹlòmíì sì ń béèrè ibi tí a ti ń kọ́ni ní sálísà. Òun ni mo dá lóhùn.