Ohùn Mi Nínú Ẹ̀rọ àti Ọmọ Tó Ń Dákẹ́

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                                            Iléṣà.
                                                            Ọjọ́ kẹta, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Àpìkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara rẹ? Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti ń rìn dé ìta láìfi ọ̀pá tilẹ̀. Mo bá ọ yọ̀. Mo kí Alájì ọkọ rẹ. Mo kí Kifayat, mo sì kí ìkókó ọwọ́ rẹ̀. Kí Ọlọ́run bá wa wò ó. Gbogbo ará ilé yín ní Òkè-Fìà ńkọ́? Èmi náà wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi kò ga ju ti ìjẹta lọ, òjò ti dáwọ́ dúró, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní òwúrọ̀. Ìyẹn tó nípa tèmi.

Mùyídéènì ọmọ rẹ ní kí n pè ọ́ lórí fóònù. Mo ní rárá. Ohun tí mo fẹ́ sọ gùn ju bí mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn kí n tó parí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé.

O rántí pé ìwọ lo tì mí sínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí Mùyídéènì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń wá ẹni tí yóò fi Yorùbá tó já gaara ka àwọn ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, ìwọ lo dárúkọ mi. Mo kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. O ní kí n má ti ohùn tí Ọlọ́run fún mi mọ́ yàrá. Mo bá lọ sí ọ́fíìsì wọn, mo jókòó síwájú gbohùngbohùn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì ka gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń pe orúkọ nínú rẹ́jísítà. Ní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìwáràjà, fún àwọn ọmọ tó ti dé kíláàsì kẹta láìlè ka gbólóhùn kan. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé kankan nílé. Èmi máa ń wọ mọ́tò láti Iléṣà lọ bá wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ní Ọjọ́bọ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Ọmọ á ki ohun ìgbọ́hùn bọ etí, á gbọ́ ohùn mi. Màá ní kó fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó jẹ́ "igi" láàárín ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Bó bá gbà á, ètò náà á gbé e lọ sí ìpele tó kàn. Bí kò bá gbà á, á fún un ní èyí tó rọrùn díẹ̀. Kì í na ọmọ, kì í sì í fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. N kò gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀. Mo ti gbà á gbọ́ báyìí. Nínú ogójì ọmọ tó bẹ̀rẹ̀, tí mẹ́rin ń pín tábúlẹ́ẹ̀tì kan lò, ó ju ìdajì lọ tó ti ń ka ìtàn kékeré fúnra wọn. Òkìkí, ọmọkùnrin kan tó máa ń ṣe àmín kí n tó parí àdúrà, ti dé ìpele keje nínú oṣù kan.

Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tiwalọlá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ìyá rẹ̀ re Èkó ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kò tíì padà. Ìyá ìyá rẹ̀, tó ń bó obì fún àwọn oníṣòwò, ló ń tọ́ ọ. Ọmọ náà kì í pẹ́ dé, aṣọ rẹ̀ kì í dọ̀tí, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jà. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìpele kìíní ló ṣì wà. Ètò náà máa ń fi àwọ̀ hàn wá: àwọ̀ ewé fún ọmọ tó ń lọ síwájú, pupa fún èyí tí kò kúrò lójú kan. Pupa ni ti Tiwalọlá láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, Ọ̀gbẹ́ni Micah Ajíbádé, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Tábúlẹ́ẹ̀tì kò pọ̀, àwọn ọmọ mìíràn sì ń yọjú lójú fèrèsé. Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ṣì pupa ní ìparí oṣù Kẹwàá, òun yóò fi àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ìyá àgbà Tiwalọlá gbọ́. Obìnrin kan láti Òṣogbo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun ní ọmọ náà, kó wá máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Màmá náà ní bí ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ìwé kò wọ̀ létí bá lè kọ ọmọ òun, a jẹ́ pé kò sí ìwé nínú orí rẹ̀, kó kúkú lọ máa fọ abọ́. Ohùn mi ni, Àpìkẹ́. Ohùn mi ló ń lé ọmọ náà kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìparí oṣù náà, mo gbé àga mi kúrò níwájú kíláàsì, mo lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. N kò jẹ́ kó mọ̀. Bí ìbéèrè ti yọ lójú ẹ̀rọ, mo rí i tó tẹ orúnkún díẹ̀ lábẹ́ tábìlì bí ẹni ń kí àgbà, tó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, tó sì tẹjú mọ́lẹ̀. Ètò náà máa ń béèrè lẹ́ẹ̀kan, á sinmi, á tún béèrè. Bí ìbéèrè kejì bá parí tí ọmọ kò tíì fọwọ́ kan nǹkan, á gbà pé kò mọ̀ ọ́n. Mo wo ètè Tiwalọlá. Ó ń pe "igi". Ó ti pè é kí ìbéèrè kejì tó bẹ̀rẹ̀. Ìka rẹ̀ kò kúrò lórí itan. Pupa tún yọ.

Mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo bi í ìdí tí kò fi dáhùn. Ó kúnlẹ̀. Ó ní:

"Ẹ ò tíì ní kí n máa sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ ní ọmọ dáadáa kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbà."

Mo rántí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Òkìkí gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo sì bá gbogbo kíláàsì wí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ tán, kó sì sọ fún wọn pé ó kàn wọ́n, kí wọ́n tó dáhùn. Òkìkí kò fetí sí i, ó ń lọ síwájú. Tiwalọlá pa á mọ́. Nínú ẹ̀rọ, mo ń béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì sọ nígbà kankan pé ó kàn án. Ọmọ náà ń dúró. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi dúró.

Mo yẹ àwọn mìíràn tí orúkọ wọn ṣì pupa wò. Mẹ́rin nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyá àgbà ló sì tọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A máa ń sọ pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwa kan náà la sì ń ní kí ọmọ dákẹ́.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé. O mọ̀ mí, n kì í bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀rọ ni ẹ ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, kò fi ọjọ́ kan kún un.

Mo pe Mùyídéènì, ó sì dé láti Òṣogbo ní ọjọ́ kejì. Ọmọ tí o bí yìí kò ní rí ìtìjú láyé. Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kò sí ẹnìkan nínú àwọn ẹgbẹ́ òun tó rò ó pé ọmọ lè mọ nǹkan kó sì dákẹ́. "Àwa tí a ṣe é, Màmá, aláríyànjiyàn ni gbogbo wa ní kékeré." Mo ní mo rántí. A wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí ariwo ọkọ̀ kò dé, mo sì ka gbólóhùn méjì péré: "Mo ti sọ tèmi tán. Ó kàn ọ́, ọmọ mi." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ní kí n ka "ọmọ mi" náà. Ó ní méjì àkọ́kọ́ le jù. Ó fi í sí ìparí gbogbo ìbéèrè, ó sì ṣe é kí ẹ̀rọ lè máa dúró títí ọmọ yóò fi ṣe tán.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, Tiwalọlá gbọ́ gbólóhùn náà. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí. Mo mi orí sí i. Ó fọwọ́ kan "igi". Kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi, ó ti dé ìpele kẹta. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ó ti wà ní ìpele kẹfà. N kò ní purọ́ fún ọ: ìṣirò rẹ̀ kò tíì dára, ìyọkúrò ṣì ń dà á láàmú. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti kúrò ní pupa, Ọ̀gbẹ́ni Ajíbádé sì fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí obìnrin Òṣogbo ti dá Sátidé tí yóò wá mú un. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo gbé tábúlẹ́ẹ̀tì kan lọ sí ilé wọn lẹ́bàá oríta. Màmá náà ń bó obì lọ́wọ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà lé orí àpótí, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Bó ti gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà," kó tó rí i pé n kò lanu. Tiwalọlá rẹ́rìn-ín. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín rí. Ohùn náà ní ó kàn án, ó sì ka ìtàn ẹyẹ àti kànga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò yára, kò sì kọsẹ̀. Màmá náà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Èmi ni mo kọ́ ọ pé kó máa dákẹ́ fún àgbà," ó wí. "N kò mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnìkan sọ fún un pé kó máa wí."

Mo ní èmi náà kò mọ̀. Ní Sátidé, obìnrin náà dé láti Òṣogbo, ó sì padà bó ṣe wá.

Nínú mọ́tò, bí mo ti ń ti Ìwáràjà bọ̀, ìwọ ni mo ń rò. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta rèé. Ìdánwò ẹnu ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ní sáà wa àkọ́kọ́. Olùkọ́ wa bi mí ní ìbéèrè, mo sì dúró kó parí, mo tún dúró kí n to èsì mi. Ó ti ń kọ òdo sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ mi. Ìwọ, tí a kò tíì mọra ju oṣù kan lọ, dìde lẹ́yìn, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ dúró dè é díẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n." Wọ́n ní kí o lọ gé koríko nítorí ọ̀yájú. Wọ́n sì dúró dè mí. Bí wọn kò bá dúró ni, wọn ìbá dá mi padà sílé, bàbá mi kì bá sì jẹ́ kí n padà wá mọ́.

Àwọn ọmọ tí mo kọ́ láti ìgbà náà, ìwọ lo jẹ́ kí n kọ́ wọn. N kò dúpẹ́ rẹ̀ rí. Mo rò pé o mọ̀. Tiwalọlá náà rò pé mo mọ̀ pé òun ń dúró.

Màmá àgbà náà fún mi ní obì àbàtà díẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí Alájì nípasẹ̀ Mùyídéènì. Kó má jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bá mi kí ará ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Má fi orúnkún náà gun òkè.

O ti sọ tìrẹ ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, Àpìkẹ́. Ó kàn mí. O ṣeun.

                                                            Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó pẹ́ kó tó dáhùn,

                                                            Julianah Adéjọbí