Ó Pọ́n Lórí Ilé Yín

Màmá mi àtàtà,

Ṣé ara le? Tèmi le. Ibi iṣẹ́ ní kí n máa sinmi títí wọ́n á fi pè mí. Mo ń gbádùn ara mi.

Ẹ má bínú nítorí ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Máàpù ojú ọjọ́ inú fóònù mi ní ìpele lóríṣiríṣi, òjò lọ́tọ̀, ooru lọ́tọ̀. Ooru ni mo tẹ̀. Mo rí i tó pọ́n lórí ilé yín, mo rò pé omíyalé ni, ni mo bá ní kí ẹ kẹ́rù jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bi mí pé, "Olójò, ṣé ká tún gbé bẹ́ẹ̀dì sínú oòrùn?"

Lónìí, òjò gan-an ni mo tẹ̀. Ó pọ́n láti òkè odò dé ẹ̀yìnkùlé yín. Àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ ni, ó lè ṣìnà bíi tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò yín lórí òkè. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n mi dání, kó fi mí ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ á fi mọ́, níbi tí omi ò ti lè dé.