"A Dúpẹ́" Ló Ń Gé Fóònù

Ẹ̀yin olóòtú wa lórí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín kò ní há. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Télọ̀ ni mí, àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi níkùn, èmi ni wọ́n rán. Wọn ò tiẹ̀ wọ̀n mí kí wọ́n tó gé! Mo ti wà nílé báyìí, èmi nìkan. Tí mo bá wúkọ́, á dà bíi pé òwú fẹ́ já. Ìrọ̀rí ni mo máa ń dì mọ́ ikùn.

Àwọn ọmọ mi á pè: "Màámi, ṣé ara ti ń mókun?"

Kí n tó ronú, ẹnu mi á ti ní, "A dúpẹ́."

"Ọlọ́run ṣeun, mà. Ó dàbọ̀." Wọ́n ti gé fóònù nìyẹn.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lèèyàn lè fi dáhùn yàtọ̀ sí "a dúpẹ́", tí ọmọ ẹni kò fi ní tètè gé fóònù?